Rinrin Abẹ́ Igi Àgbálùmọ̀

Kò sí ẹni tó ń já rinrin ìyá mi lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í gba owó o, omi ló ń gbà. Garawa kan wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Bariga, igbá kékeré kan sì wà lórí ìdérí rẹ̀. Bí o bá já ewé tí o fẹ́ tán, wàá bu omi, wàá rọra wọ́n ọn síbi tí ọwọ́ rẹ ti kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé tó ń lọ, ìyá mi á gbé orí sókè nídìí ọpọ́n ìfọṣọ rẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin lẹ já a, ẹ̀yin náà lẹ ó bomi rin ín."

Wọ́n máa ń fi í ṣe ẹ̀rín. "Ìyá Onírinrin, ṣé òùngbẹ ń gbẹ ewé yín ju àwa lọ ni?"

"Ó ń gbẹ ẹ́."

Báyìí ni gbogbo àdúgbò wa ṣe ń bomi rin sàréè àbúrò mi láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ náà ṣe dé ibẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Aṣọ àwọn akọ̀wé tó ń gbé apá Palmgrove ló ń fọ̀. Bàbá mi ti kú kí a tó kó dé Bariga, ó fi oyún àbúrò mi sílẹ̀ fún ìyá mi. Ilẹ̀ tí a kọ́ ilé pákó wa sí, ti ìdílé kan ní Ṣómólú ni, àwọn Mùsùlùmí tí baba ńlá wọn ti ń dáko níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀nà Ìkòròdú máa gba ìtòsí kọjá. Àgbà ìdílé náà ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onílẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá mi gbé obì àti ìṣákọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ lọ bá a, ó sọ òfin rẹ̀ fún un. Ìyá mi mọ ohùn rẹ̀ sín jẹ dáadáa:

"Ẹ kọ́ ilé pákó, kò burú. Ẹ gbin ẹ̀fọ́, ẹ gbin àgbàdo, kò burú. Ẹ má gbin igi. Ẹ má sin òkú. Ẹni tó bá gbin igi, tó sì sin òkú, ọmọ rẹ̀ á wí lọ́la pé ilẹ̀ bàbá òun ni."

Kì í ṣe ìkà. Gbogbo ẹni tó ń fi ilẹ̀ fún àlejò nígbà náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní kóòtù, sàréè ni ẹ̀rí tí ẹnu kò lè já ní koro.

Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni, ó ń ṣubú, ó ń dìde, nígbà tí eéyi mú un ní àárín ìgbà òjò. Èmi kò sí nílé lọ́jọ́ tó kú. Mo ń kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Èkó, lódìkejì afárá. Nígbà tí mo fi dé nírọ̀lẹ́, ìyá mi ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wọ aṣọ mìíràn, ó jókòó sójú ilẹ̀, kò sì sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹnu ọkùnrin tó gbẹ́ ilẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Apẹja ni, láti àdúgbò Ìlàjẹ létí ọ̀sà, ó máa ń gbé ẹja wá fún wa, ìyá mi sì máa ń fọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló tó sọ ọ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wí i:

"Òjò yẹn ló ràn wá lọ́wọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Aṣọ funfun tí ìyá rẹ fi wé ọmọ yẹn, kì í ṣe tirẹ̀, ti oníbàárà ni, òun nìkan ló mọ́ nínú ilé. Bí mo ti ń gbẹ́ ihò ni omi ń kún un. Mo ní, ‘Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú.’ Ó ní, ‘Mi ò lè gbé e síbi tí mi ò ti ní í gbọ́ ọ tó bá ké.’ Kí ni mo fẹ́ fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn? Mo gbọ́n omi, mo tún gbẹ́."

Ó búra fún ìyá mi pé òun kò ní í sọ. Lórí ilẹ̀ ìdílé kan náà ni ilé tirẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kì í panu mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ó ń rì díẹ̀díẹ̀, adìẹ pàápàá á máa wá tàn án. Nígbà tí òjò dá, ìyá mi gbé bàsíà rẹ̀ lọ sínú igbó Akoka, ó hú rinrin lábẹ́ àwọn igi ńlá tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó sì wá rì í mọ́ ilẹ̀ náà. Mo bi í pé bí Bàbá Onílẹ̀ bá rí i ńkọ́?

Ó ní, "Rinrin kì í ṣe igi. Bàbá ò sọ pé kí n má gbin ewé."

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ewé kékeré ni rinrin. Kì í ga ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀. Ewé rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á, ìtì rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé o fẹ́ẹ̀ lè rí omi tó ń gòkè nínú rẹ̀. Ohun tó ń yọ lórí rẹ̀ dà bí ìrù eku, ibẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀ wà, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn lásán fi ń gbìn ín. Abẹ́ ibòji ló ń gbé, níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti ẹlòmíràn á gbẹ, ti ìyá mi kò ní í gbẹ, nítorí omi garawa. Ó kọ́kọ́ tẹ́ bí ẹní ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ bí ẹní àgbà. Nígbà tó yá, gbogbo abẹ́ àgbálùmọ̀ ló gbà, láti ara ìtì igi títí dé ibi tí ibòji ti parí, kò sì kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á dúró wò ó. Ó lẹ́wà. Mi ò rí ilé ọlọ́rọ̀ kan ní Èkó láyé ìgbà náà tí àgbàlá rẹ̀ lẹ́wà tó ẹ̀yìn ilé pákó wa.

Àwọn ará àdúgbò wá sọ ọ́ di ilé ìwòsàn. Ẹni tí orí ń fọ́ á já a, á fi ọwọ́ ra á, á fi pa iwájú orí. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ eéwo kó lè rọ̀. Wọ́n ń gbo ó sínú omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Àwọn kan ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀fọ́, wọ́n ní ó ń ta díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu. Obìnrin kan tó ń ta epo pupa ní ojúlé kejì sí wa, Ìyá Elépo, ló ń já a jù. Àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀, ibà kì í sì í fi wọ́n sílẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ọwọ́ obìnrin yìí tutù ni. Ẹ kò rí ewé rẹ̀?"

Orúkọ èmi ọmọ rẹ̀ àgbà ni wọ́n fi ń pe ìyá mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, Ìyá Onírinrin ni.

Bàbá Onílẹ̀ pẹ̀lú wá. Ọdọọdún ló ń wá gba obì rẹ̀, á jókòó sábẹ́ àgbálùmọ̀ náà, nítorí kò sí ibi mìíràn tó tutù tó ibẹ̀. Ojú ń dùn ún, omi kì í sì í dá lójú rẹ̀. Ìyá mi á fún rinrin, á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, á kán an sí i lójú. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún kan. Bàbá dìde fúnra rẹ̀, ó ní, "Bìsìmílà," ó bu omi, ó wọ́n ọn. Ó tún jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá yìí, ibi tí o ṣe yìí dára. Bí mo bá kú, irú ibi báyìí ló yẹ kí wọ́n tẹ́ mi sí."

Aṣọ ìsẹ́wé bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Bàbá rò pé inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ikú tí òun sọ. Ó ní, "Má sunkún. Mi ò tíì fẹ́ lọ."

Ṣùgbọ́n ó lọ. Lẹ́yìn tí ó kú, ọmọ rẹ̀ àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀. Mi ò bá a wí fún ìyẹn. Gbogbo ìdílé onílẹ̀ tó wà láti Ṣómólú dé etí ọ̀sà ló ń tà nígbà náà. Àwọn awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú ṣéènì wọn, wọ́n ri òpó símẹ́ńtì mọ́lẹ̀ níbí, wọ́n ri òmíràn lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ilé pákó wa bọ́ sí apá tí wọn kò tíì tà. Igi àgbálùmọ̀ àti rinrin bọ́ sí apá tí wọ́n ti tà.

Ẹni tó rà á, oníṣòwò kan ni láti Èkó, ó fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́sì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá wo ilẹ̀ rẹ̀, ó bá àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n kúnlẹ̀ dè é. Ìyá Elépo ló ṣe agbẹnusọ.

"Ọ̀gá, a ò bá yín jà lórí ilẹ̀. Ewé yìí la wá bẹ̀ yín fún. Òun ni dókítà wa."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Rinrin kọ́ nìyí? Èmi náà, rinrin ni ìyá mi fi ń wẹ̀ fún mi. Ta ló ń ba ewé tútù jẹ́?" Ó pe ọ̀gá bíríkìlà tó bá a wá. "Wo ibi tí ewé yìí dé. Ri igi mọ́ ọn yíká, kí o ta okùn sí i. Ẹsẹ̀ lébìrà kankan ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. A ó gbé fẹ́ǹsì gba ẹ̀yìn rẹ̀."

Ìyá Onírinrin fi orí kanlẹ̀. Ìyá Elépo ní, "Wọn ò kúkú fẹ́ kí o kú ní ọjọ́ ayọ̀ rẹ, dìde!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó lọ, olúkúlùkù wọ́n omi tirẹ̀, oníṣòwò náà sì wọ́n tirẹ̀.

Nígbà tí ó ku àwa méjèèjì, mo sọ fún ìyá mi pé àkókò nìyí. Mo ní, "Ẹ sọ fún ọkùnrin yìí. Ojú àánú ló fi wò yín. Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un nísinsìnyí."

"Kí n sọ kí ni? Kí ó lè ní kí n wá hú u?"

"Kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Òun lè má ṣe bẹ́ẹ̀. Onílẹ̀ ńkọ́? Á ní mo tàpá sí òfin bàbá òun, á lé wa kúrò nínú ilé yìí náà. Ta ni yóò wá máa bomi rin ín?" Ó fi ọwọ́ kan okùn náà, ó ń fà á wò bóyá ó le. "Wọ́n ti ta okùn sí i. Kí ni mo tún ń wá?"

Èmi náà fà á wò. Okùn náà le lóòótọ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àgbálùmọ̀ pọ́n, ni wọ́n dé pẹ̀lú àáké àti ayùn. Ọ̀gá bíríkìlà ní gbòǹgbò igi náà yóò la ògiri ilé, kò sì sí bí ilé ṣe lè wà níbẹ̀ kí igi náà wà. Ìyá mi jáde wá wò wọ́n. Okùn rinrin rẹ̀ ló ń ṣọ́, kò ṣọ́ igi. Mo rò ó lẹ́yìn náà títí, mo sì mọ̀ pé nínú gbogbo àwa tí a dúró síbẹ̀, kò sí ẹnì kankan tó gbójú sókè. Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò.

Àwọn agégi náà ṣe iṣẹ́ wọn bí èèyàn rere. Wọ́n gun igi, wọ́n so okùn mọ́ orí rẹ̀, wọ́n fà á kí ó lè wó sí apá kejì. Kò sí ẹ̀ka kan tó bọ́ sórí rinrin. Àwọn ọmọdé ya bo ẹ̀ka tó wà nílẹ̀, wọ́n ń já àgbálùmọ̀, wọ́n ń pa á lá, ẹnu wọn ń fà mọ́ra. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn agégi nu òógùn, ó ní, "Mama, ẹ wá wò ó. Ewé yín ò fara pa rárá."

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu àgbálùmọ̀ fún un pàápàá. Ìgbà tí ó yíjú padà ni ó rí oòrùn. Ó wà lórí rinrin láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, níbi tí kò dé rí láti ọjọ́ tí a ti ń gbé ibẹ̀.

Ó gbé garawa. Èmi náà gbé òmíràn. Omi tí a dà sí i gbóná lọ́gán. A gé imọ̀ ọ̀pẹ, a tò ó sórí igi tí wọ́n rì yíká. Atẹ́gùn ọ̀sà gbé e lọ. Ìyá mi ta aṣọ oníbàárà sókè fún un bí àgọ́, aṣọ gbẹ, oníbàárà wá gba aṣọ rẹ̀. Ìyá Elépo gbé ẹní rẹ̀ wá. Ìyá mi á jókòó sínú oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọ sí i, kí òjìji ara rẹ̀ lè bọ́ sórí ìwọ̀nba díẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ dìde." Ó ní, "Apá ibí yìí ṣì tutù."

Rinrin kì í gbẹ bí koríko. Omi ni gbogbo ara rẹ̀, ńṣe ló ń yọ́. Ó kọ́kọ́ rọ̀, ó wá dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan lórí iyanrìn àfi ohun tó dà bí òwú dúdú. Okùn ṣì wà níbẹ̀, ó le, ó yí ilẹ̀ òfìfo ká.

Ọ̀gá bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló wá tú u. Kò fi ṣe ẹ̀sín. Ó ní, "Mama, ó dùn mí. Ọ̀gá ní kí n má fọwọ́ kàn án, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bó ti kú yìí, ibẹ̀ ló dára jù fún sàláńgá. Ibi tí a fẹ́ gbẹ́ ẹ sí tẹ́lẹ̀ sún mọ́ kànga."

"Sàláńgá?"

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Mama."

"Mo mọ ohun tó ń jẹ́ sàláńgá."

Lọ́jọ́ náà ni ó ní kí n mú òun lọ sí Ṣómólú, pé oníṣòwò kò ní í gba ọ̀rọ̀ òkú gbọ́ lẹ́nu ayálégbé, àfi bí onílẹ̀ bá bá òun sọ ọ́. A bá ọmọ Bàbá Onílẹ̀ lórí àga bàbá rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: eéyi, òjò, aṣọ funfun. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní kí wọ́n lé òun jáde bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n ṣáà bá òun bẹ oníṣòwò náà kí ó gbé sàláńgá síbòmíràn.

Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀.

"Mama, ẹ dìde. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí ayálégbé tí a bá ní kó kúrò tí kì í rí òkú lójijì. Ọ̀kan ní ìyá òun wà lábẹ́ ilé ìdáná. Ọ̀kan ní ìbejì. Ní ọjọ́ tí ẹ kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó ra ilẹ̀, òkú kọ́ lẹ sọ fún un. Ewé lẹ sọ."

"Ewé ni mo sọ."

"Ẹ̀ ń rí i. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sin ín?"

Ìyá mi wò mí. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ sọ ọ́. Ó dárúkọ apẹja náà.

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó dé, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wojú ìyá mi. Onílẹ̀ bi í léèrè. Ó dáhùn pẹ̀lú ohùn ìlú wọn tí kò fi sílẹ̀ rí, pé òun mọ obìnrin náà, òun ń tà á lẹ́ja, òun kò mọ nǹkan kan nípa òkú.

Ìyá mi kò bá a jà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ máa lọ sídìí iṣẹ́ yín."

Mo bá ọkùnrin náà ní Ìlàjẹ lọ́jọ́ kejì, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Inú ń bí mi débi pé mi ò kí i. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ilẹ̀ wọn ni mo ń gbé. Èmi, ìyàwó, ọmọ, ọkọ̀ ojú omi. Bí mo bá ní mo gbẹ́ sàréè lórí ilẹ̀ wọn, ibo ni kí n kó wọn lọ? Sínú omi?"

Mo yíjú padà, mo gba etí omi lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ ní Ṣómólú ti dé àdúgbò kí àwa tó padà dé lọ́jọ́ tí a lọ. Ìyá Elépo dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ọwọ́ rẹ̀ wà níbàdí.

"Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ewé orí òkú ni o ń fún mi tí mo ń fi pa ọmọ lórí?"

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi ni. Kò lè ṣe ọmọ yín níbi."

"Ọmọ rẹ ni! Ọmọ tèmi náà ńkọ́? Mo fi wẹ̀ fún wọn, mo fi fún wọn jẹ! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá gbọ́, obìnrin tí mo pè ní ọlọ́wọ́ tútù!" Ó sọ̀rọ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbé ẹní rẹ̀ tí ó yá wa síta, ó dáná sun ún. Kò sẹ́ni tó pe ìyá mi ní Ìyá Onírinrin mọ́. Orúkọ mi ni wọ́n tún ń fi pè é, àwọn tó ṣì ń pè é.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó bínú sí i gbà á gbọ́. Àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́ nìkan ni kò gbà á gbọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ sàláńgá, ó gbé àpótí ìfọṣọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó jókòó. Ó ti fọ aṣọ funfun kan, ó ká a sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn lébìrà gbẹ́ ilẹ̀ dé orókún, dé ìbàdí, dé àyà. Gbòǹgbò àgbálùmọ̀ ni wọ́n ń gé. Lẹ́yìn náà, iyanrìn funfun, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun.

Ọ̀gá bíríkìlà pè é jẹ́jẹ́. "Mama, ẹ wá wò ó fúnra yín. Kò sí nǹkan."

Ó wò ó. Ó ní, "Bóyá apá ibẹ̀ yẹn ni." Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà fi ọkọ́ tú ibẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó nawọ́ sí apá ibòmíràn. Wọ́n tú u fún un. Ó tún gbé ọwọ́ sókè, ó sì dúró, ọwọ́ náà wà lókè, kò nà án síbi kankan. Mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tó gbìn ín, rinrin náà kò ju ẹní ọmọdé lọ, ó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun àti gbogbo àdúgbò bomi rin ín, ó tàn, ó sì tàn, títí ibi gbogbo fi jọ ara wọn. Igi tí ì bá fi ṣe àmì kò sí mọ́. Ewé tí ó gbìn láti fi bò ó ni kò jẹ́ kí òun náà mọ̀ ọ́n mọ́.

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Ó gbé àpótí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, tí apẹja náà di arúgbó, tí kò bẹ̀rù onílẹ̀ mọ́ nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ, ló fi ọ̀rọ̀ tó kù kún èyí tí mo ti kọ sókè. Ó ní, "Wọn ò gbẹ́ ibẹ̀ rárá. Lábẹ́ gbòǹgbò ńlá tó yọ sókè ni, lápá ọ̀sà. Mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ yẹn pé, ọkùnrin, lọ nawọ́ sí i fún un. Mi ò lọ." Mo padà lọ wo ibẹ̀. Àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́sì náà ló wà lápá ọ̀sà. Àwọn ayálégbé ń gùn ún lọ sókè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà òjò ọdún tí wọ́n gbẹ́ sàláńgá náà ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi. Orí ń fọ́ ìyá mi láti ọjọ́ mélòó kan, kò sì lè gbé ojú sókè. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo gba ẹ̀yìn fẹ́ǹsì tuntun kọjá. Ògiri sàláńgá ga, ó ń ṣe ibòji sílẹ̀ níta, omi sì ń ro láti ara rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, níbi tí ògiri ti kan ilẹ̀, mo rí rinrin. Kò pọ̀. Ó ń dán. Mo já ẹ̀kúnwọ́ kan.

Ìyá mi dùbúlẹ̀ nígbà tí mo gbé e wọlé. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó la ojú.

"Níbo lo ti já a?"

Mo sọ fún un.

Ó ní, "Ṣé o bomi rin ín?"

Mo ní òjò ti rọ̀ sí i.

"Òjò kọ́ ló já a."

Ó gba ewé náà lọ́wọ́ mi, kò fi pa orí. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó sì kọjú sí ògiri. Ojú fèrèsé ni ewé náà wà títí ó fi yọ́.